Bill Traylor Kì í Ṣe Ará Ìta

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí àwọn alámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà ń pe Bill Traylor ni "ará ìta", nítorí pé kò kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ó yẹ kí a bi wọ́n léèrè: ìta ibo?

Ní nǹkan bí ọdún 1853 ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Alabama. Òmìnira dé, síbẹ̀ ó pẹ́ kí ó tó kúrò nídìí iṣẹ́ oko olóko. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì ní ìlú Montgomery, ní nǹkan bí ọdún 1939, tí ó ń ya ìbaaka, ajá abìjà, ọ̀mùtí àti ẹni tó ń sá àsálà sórí páálí tí àwọn ẹlòmíràn ti jù nù. Ayàwòrán kan, Charles Shannon, fún un ní ọ̀dà, ó sì tọ́jú àwòrán rẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní ọdún 1942, Museum of Modern Art ní New York fẹ́ fi dọ́là kan tàbí méjì ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Shannon kọ̀. Traylor kú ní ọdún 1949.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Smithsonian American Art Museum ní Washington pàtẹ 155 lára iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni ìpàtẹ ńlá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ayàwòrán tí a bí sínú ẹrú. Ohun tí mo yìn nínú rẹ̀ ni pé Leslie Umberger, tó ṣètò rẹ̀, kò fi àwòrán nìkan kọ́ ògiri. Ó tú ìtàn oko ẹrú àti òfin tó ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ palẹ̀ fún òǹwòran. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń so aláwọ̀ dúdú rọ̀ sórí igi láìsí ìdájọ́ nígbà náà yóò mọ̀ pé ẹni tó ń sá nínú àwòrán yẹn kì í ṣe eré ọmọdé. Traylor kò mọ̀wé. Ìlà àti ọ̀dà ni ó fi sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ní gbangba.

Àwọn kan lè sọ pé iyì ni orúkọ náà, pé ó fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. N kò gbà. Ẹni tó fi ọgọ́rin ọdún wo ẹran, ènìyàn àti ìyà kì í ṣe aláìkọ́ṣẹ́. Àárín gbùngbùn ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ ni Traylor wà. Àwọn ilé ìpàtẹ ni kò tètè débẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń yàwòrán sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò, kí a tó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó rí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí dára, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró dè é kí ẹ tó la ojú yín sílẹ̀.