Ẹ Má Gbé Ìbọn Ọdẹ Wá sí Gbàǹjo

Gbàǹjo kì í ṣe àjèjì ní Ìkirè, ní Apòmù tàbí ní Ararọ̀mí-Òwu. Nígbà ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì á gbé iṣu àti àkùkọ síwájú, wọ́n á máa náwó lé e títí iye rẹ̀ á fi ju ti ọjà lọ fíìfíì, inú ẹni tó rà á á sì dùn. Kò ní yà wá lẹ́nu bí ẹnìkan bá ní kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbọn àtijọ́ tó wà lókè àjà àwọn ìdílé ọdẹ, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tún ilé ìwòsàn ṣe.

Wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Civilian Marksmanship Program, àjọ tí kì í wá èrè, tí òfin ibẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1996, ń ta M1 Garand tí ọmọ ogun wọn gbé ja Ogun Àgbáyé Kejì. Èyí tó bá ṣọ̀wọ́n, gbàǹjo ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹni tó fẹ́ rà á wò, bóyá ó ti jẹ̀bi ọ̀ràn rí. Ta ni yóò ṣe ìyẹn lábẹ́ àtíbàbà tiwa, níbi tí ẹni tó ń náwó ti lè máa ná an fún ẹlòmíràn?

A kò fara mọ́ ọn. Ṣakabùlà kò tíì fẹ̀yìn tì nílẹ̀ yìí. Gbé èyí tó ti dípẹtà lọ bá alágbẹ̀dẹ: á fi epo nù ún, á tún igi ìdí rẹ̀ kàn, á gún ihò tí iná ń gbà dé ìdí ẹ̀tù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó lè pa ọ̀yà, ó lè pa ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí Òfin Ìbọn ti 1959 fi kà á mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Ìwé yẹn kò sì bá ìbọn lọ sọ́wọ́ ẹni tó náwó jù.

Ilẹ̀ wa sì mọ ohun tí ìbọn ń ṣe. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọjà Apòmù ni ìjà Òwu àti Ìjẹ̀bú ti bẹ̀rẹ̀. Òwu gbójú lé agẹdẹngbẹ, àdá gígùn wọn; Ìjẹ̀bú gbé ìbọn tó ti etí òkun wá. Òwu tú. Ẹni tó ń pe ìbọn ní ohun ọ̀ṣọ́ níbí kò tíì bi àgbà léèrè.

Owó ilé ìwòsàn ṣe pàtàkì, a gbà. Ẹ fi gbérí ọdẹ ṣe gbàǹjo, ẹ fi àdó ẹ̀tù tó ti ṣófo kún un. Kí àwọn ọdẹ sun ìjálá, kí àwọn ọmọ ìlú tó ti Èkó àti ìlú òyìnbó wálé náwó lé wọn lórí. Bí ó bá di dandan kí ojú rí ìbọn, kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí alágbẹ̀dẹ dí ẹnu rẹ̀ pa, kí ará ìlú sanwó wò ó, kí olówó rẹ̀ sì gbé e padà sílé. Ẹni tó bá sì ní èyí tí kò níwèé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó tètè lọ rí DPO.