*"MO LÒ Ó, ARA MI YÁ" KÒ TÓ Ẹ̀RÍ O!*

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi oògùn ẹ̀yìn ríro lọ̀ yín, tó ní "mo lò ó, ara mi yá," ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ọba.

Àrùn kan wà tó ń jẹ́ ankylosing spondylitis. Ó máa ń mú kí oríkèé eegun ẹ̀yìn wú, kó sì gan, débi pé àwọn eegun náà lè lẹ̀ pọ̀. Láàárín 1935 sí 1954, ìtànṣán X-ray tó lágbára ni àwọn dókítà ibẹ̀ ń yìn sẹ́yìn ọ̀pọ̀ aláìsàn wọ̀nyí. Ìrora rọlẹ̀ lóòótọ́! Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ sílé.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn kan nínú wọn. Àwọn aṣèwádìí méjì, Court Brown àti Doll, tọpasẹ̀ aláìsàn tó lé ní 13,000. Àbọ̀ wọn jáde ní 1957: bí ìtànṣán téèyàn gbà ṣe pọ̀ tó ni ewu náà ṣe ń pọ̀ tó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. X-ray tí wọ́n fi ń ya àwòrán eegun kéré jọjọ sí tiwọn. Ẹ má torí èyí sá fún un.

Àwọn dókítà yẹn kì í ṣe oníjìbìtì. Ìtura òní ni wọ́n rí. Bí oníwòsàn tó kàwé bá lè ṣìnà báyìí, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó ń ta oògùn nínú mọ́tò?

Ẹ má béèrè "ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" nìkan. Ẹ béèrè pé: "Àwọn tó lò ó lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ńkọ́? Ta ló ń tọpasẹ̀ wọn?" Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.