Ṣé Ọjà Tó Bàjẹ́ Ni Kanu?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ: ẹni tí ó bá ra agbábọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ kò dá, owó rẹ̀ ti wọgbó. N kò gbà!

Ní 1996, àwọn dókítà Inter rí àléébù nínú ọkàn Nwankwo Kanu. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Arsenal rà á ní 1999, mílíọ̀nù pọ́n-ùn 4 àti díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Chelsea ti gbá góòlù 2 sílé Arsenal kí Kanu nìkan tó dá 3 padà. Ṣé ọjà tó bàjẹ́ nìyẹn?

Ewu wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu dókítà ni a ti ń gbọ́ bí ó ti tó, kì í ṣe ẹnu àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òwódé.