Ìbọn Afẹ́fẹ́ àti Tòlótòló Inú Igbó

Bí a bá dárúkọ tòlótòló ní ilẹ̀ wa, ohun tí yóò wá sí ọkàn púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni àgbàlá ọlọ́lá kan, níbi tí ẹyẹ gàgàrà náà ti ń fẹ ìrù rẹ̀ kiri títí Kérésìmesì yóò fi dé bá a. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ti àgbàlá. Ìbátan rẹ̀ ni, èyí tí ń gbé inú igbó Amẹ́ríkà, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn súnmọ́ òun.

Àwọn ọdẹ kan lọ́hùn-ún ń rọ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa fi ìbọn afẹ́fẹ́ pa ẹyẹ yìí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti gbà. Texas fọwọ́ sí ìbọn náà fún ọdẹ ní 2018. Ọ̀pọ̀ kò tíì gbà. Àwa kò bá ọdẹ jà. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ohun ìjà tuntun wọ igbó ní láti fi yé wa pé yóò pa ẹran láìfi oró jẹ ẹ́, àti pé òun náà yóò ru ìpín tirẹ̀ nínú ìtọ́jú igbó.

Ẹ má ṣe rò pé ohun ìṣeré lásán ni ìbọn afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ ogun Austria lo irú rẹ̀ kan láti nǹkan bí 1780, Lewis àti Clark sì mú ọ̀kan dání nígbà tí wọ́n la ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá dé etí òkun ní 1804 sí 1806. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọmọdé fi ń yin agolo kò lè ṣe nǹkan kan fún tòlótòló. Akọ rẹ̀ lè wọn kílò 10. Ìyẹ́ rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ sì mú. Ọdẹ yóò jókòó sí ìdí igi, yóò máa fín ohùn abo títí akọ yóò fi wá, orí àti ọrùn ni yóò sì fojú sùn, ibi tí kò fẹ̀, tí kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Ìbọn tí ń tu ọta wẹ́wẹ́ yóò da ọta púpọ̀ bo ibẹ̀. Ọta kan ṣoṣo ni ìbọn afẹ́fẹ́ ní. Bí ó bá tàsé díẹ̀, ẹyẹ yóò gbé ọgbẹ́ sá wọ igbó, yóò kú síbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i.

Àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn ní kò pariwo, kò sì ń dí aládùúgbò lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Àìpariwo náà ni olè ẹran ń fẹ́.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ti owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìpakúpa àti igi gígé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹyẹ yìí run; àwọn tí ó kù kò ju nǹkan bí 200,000 lọ. Wọ́n kọ́kọ́ sin ọmọ rẹ̀ lágọ̀ọ́, wọ́n tú wọn sígbó, wọ́n kú: kò sí ìyá tí ó kọ́ wọn bí a ti ń sá fún ọ̀tá. (Ẹ̀yin olùkọ́ yóò mọ ohun tí a ń sọ.) Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi àwọ̀n mú èyí tí ó gbọ́n ní igbó kan, tí wọ́n ń kó o lọ sí òmíràn. Èyí ni ó sọ wọ́n di mílíọ̀nù 6 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún ti ń dínkù ní àwọn ìpínlẹ̀ kan. Òfin 1937 ni ó pèsè púpọ̀ nínú owó iṣẹ́ náà: dọ́là 11 nínú 100 lórí ìbọn ọdẹ àti ọta ń lọ sí ìtọ́jú ẹranko. Nítorí pé ìbọn afẹ́fẹ́ kò lo ẹ̀tù, òfin náà kò kà á sí ìbọn. Ẹni tí ó rà á kò san kọ́bọ̀ nínú owó yìí. Ó ń jẹ nínú ọbẹ̀ tí kò dáwó sí.

Kí ni èyí kàn wá? Òfin Ìbọn ti 1959 ní Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀ àwọn òbí kan ń rà á fún ọmọ bí ẹni ra bọ́ọ̀lù, àdàbà àti àparò sì ń jìyà rẹ̀. A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ sọ òfin náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kí ìsinmi tó dé. Ní ti ìjọba, bí ó bá ń gba owó ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọdẹ, a fẹ́ kí ó kéde fún gbogbo ènìyàn iye tí ó padà sínú igbó nínú rẹ̀.