Sáà Ló Yẹ Kó Ṣáájú Pápá
Láti ọwọ́ òǹkọ̀wé wa ní Karu, Abuja

Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2025, Parker Kligerman ló kọ́kọ́ wa píkọ́ọ̀pù kọjá ìlà ìparí ní Daytona, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ẹgbẹ́ tó ń wakọ̀ fún kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó ńlá, nítorí náà ayọ̀ ọ̀hún kò ṣe é fẹnu sọ. Àfi bí omi ṣe tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwọn ayẹ̀kọ̀wò wọn ọkọ̀ náà, wọ́n rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ibi tí òfin fi sí lọ, wọ́n sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀ fún Corey Heim tó wọlé ṣìkejì. Heim kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀bùn yẹn nìkan. Nígbà tí sáà náà fi máa parí ní Phoenix ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ó ti borí nínú eré 12 nínú 25, ohun tí awakọ̀ kankan kò ṣe rí láti ìgbà tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995.

NASCAR Craftsman Truck Series ni wọ́n ń pe ìdíje yìí, ìpele kẹta nínú eré ọkọ̀ tí NASCAR ń ṣe káàkiri Amẹ́ríkà. Chevrolet Silverado, Ford F-150 àti Toyota Tundra ni wọ́n ń wà níbẹ̀ ní 2025, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn kó iṣu lọ sí ọjà yóò fi ọwọ́ òfo padà. Wọ́n ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Iná iwájú rẹ̀ kì í ṣe iná, sítíkà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Kò ní ìlẹ̀kùn tó ń ṣí; ojú fèrèsé ni awakọ̀ ń gbà wọlé, wọn yóò sì ta àwọ̀n dí i kí ọwọ́ rẹ̀ má baà jáde bí ọkọ̀ bá gbókìtì. Ní Daytona, eré tó ń sá máa ń sún mọ́ 290 kìlómítà ní wákàtí kan.

Kí ló wá kan ará Karu níbẹ̀?

Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Abuja sí Keffi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tí ọkọ̀ ti ń há láàárín Nyanya àti Karu, yóò ka píkọ́ọ̀pù títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Hilux ọlọ́pàá ń bẹ níbẹ̀, ti FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń bẹ níbẹ̀, ti ọ̀gá kan tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ sì ń fọn fèrè bọ̀ ní apá ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Pijó 504 onípíkọ́ọ̀pù tó dàgbà ju awakọ̀ rẹ̀ lọ náà wà láàárín wọn, ó ru símẹ́ǹtì, ó ń tú èéfín. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ṣàìsàn, kò ní pẹ́ kó tó rí oníṣègùn. Ní Apo Mechanic Village, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba fíríìdọ̀mù lè gbé ẹnu sukudíráfà gígùn lé ara ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́, kó fi etí ti ìdí rẹ̀, kó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ bóyá bíárìn ló ń ké tàbí nǹkan míì. Ó máa ń tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Wẹ́dà, rẹwáyà, pánẹ́ẹ̀lì bítà àti ẹni tó ń kun ọkọ̀ kò jìnnà síra wọn níbẹ̀.

Ọkọ̀ wà, oníṣẹ́ ọwọ́ wà, ọ̀dọ́ tí eré sísá ń wù pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ohun tí Abuja kò ní ni sáà: kàlẹ́ńdà tí gbogbo ayé mọ̀ ṣáájú, póìntì tí wọ́n ń kà láti eré kan dé èkejì, òfin tí kò mọ ojú ọlọ́lá, àti ayẹ̀kọ̀wò tó lè gba ife lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ ní Nàìjíríà, sáà yìí gan-an ni kì í wọ inú ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ibi ìsáré olówó gọbọi tí Formula One yóò fi wá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ.

Abuja ti rí irú èyí rí. Nítorí All Africa Games oṣù Kẹwàá 2003 ni wọ́n ṣe kọ́ pápá ìṣeré tó ń jẹ́ Moshood Abiola lónìí, tó gba èèyàn bí 60,000, tó sì ní ibi eré kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Velodrome. Eré náà parí, àlejò lọ, kò sì sí ìdíje kẹ̀kẹ́ ọdọọdún tó lágbára tí yóò máa lo ibẹ̀. Ẹni tó bá bá èrò pàdé ní Velodrome lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayẹyẹ tàbí ìsìn ni wọ́n wá ṣe. Koríko pápá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ bàjẹ́ débi pé Uyo ni Super Eagles ń lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí owó Aliko Dangote fi dá sí i. Wọ́n kọ́ ilé kí wọ́n tó ronú irú ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀.

Àwọn tó dá eré píkọ́ọ̀pù sílẹ̀ kò gba ọ̀nà yẹn. Ní 1993, Dick Landfield, Jimmy Smith, Jim Venable àti Frank Vessels, àwọn mẹ́rin tó mọ eré ọkọ̀ inú aṣálẹ̀ dáadáa, gbé èrò wọn lọ bá NASCAR. Wọ́n kan ọkọ̀ kan, wọ́n gbé e lọ fi han èèyàn ní Daytona ní 1994, wọ́n ṣe eré àfihàn mélòó kan, ó parí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1995 ni sáà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Phoenix. Mike Skinner ló borí lọ́jọ́ náà, òun náà ló sì gba ife-ẹ̀yẹ lẹ́yìn eré 20. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ pápá tuntun fún wọn. Àwọn pápá kéékèèké tí àwọn ará àdúgbò ń lò fún eré òpin ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú eré wọn ti wáyé.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wọn ti hàn jù. Àwọn kan nínú pápá wọ̀nyí kò ní àyè gidi tí ọkọ̀ lè yà sí kí wọ́n pààrọ̀ táyà nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ibòmíì ni, wọn ìbá ní kí pápá náà lọ tún ara rẹ̀ ṣe. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n dá eré dúró ní ìdajì bíi ti bọ́ọ̀lù. Gbogbo ọkọ̀ yóò dúró, mẹkáníìkì yóò sún mọ́ ọn, wọn yóò pààrọ̀ táyà, wọn yóò tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, tẹlifíṣọ̀n yóò sì máa fọ̀rọ̀ wá awakọ̀ lẹ́nu wò. Ẹgbẹ́ tí kò lówó láti gba àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń pààrọ̀ táyà ní ìṣẹ́jú àáyá bá rí àyè sáré. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ṣe é báyìí. Ìgbà tí owó dé ni wọ́n pa ìsinmi náà tì.

Àwọn kan yóò sọ pé títì ọlọ́dà kò ṣe é máà ní. Ó ṣe é máà ní. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2013, píkọ́ọ̀pù NASCAR sáré lórí amọ̀ ní Eldora, ní ìpínlẹ̀ Ohio, Austin Dillon ló sì borí. Láti 1970, NASCAR kò tíì gbé ìdíje ńlá rẹ̀ kankan lọ sórí ilẹ̀ lásán kó tó di ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ pupa kò wọ́n láti Jikwoyi títí dé Karshi.

Ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ti jẹ́rìí sí i. Safari Rally tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1953 kò ní pápá. Ojú ọ̀nà, ẹrẹ̀ àti eruku ni pápá rẹ̀. Rallye Bandama ti Côte d'Ivoire le débi pé ní 1972, ọkọ̀ kan ṣoṣo kò parí rẹ̀. Síbẹ̀, láti 1978 títí di 1992, ó wà lára ìdíje àgbáyé fún eré rally. Ta ló borí níbẹ̀ ní 1978? Jean-Pierre Nicolas ni, Pijó 504 V6 ló sì wà. Ọdún yẹn kan náà ló fi gba Safari. Ove Andersson ti fi 504 gba Safari ṣáájú rẹ̀ ní 1975, ọdún tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí Nàìjíríà ń tò ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ń gba ife kiri Áfíríkà, Nàìjíríà sì ń fi tirẹ̀ gbé èrò àti tòmátì. Ó dùn ún gbọ́, ó sì dunni.

Toyota mọ ohun tí píkọ́ọ̀pù lè ṣe. Nígbà tó fẹ́ wọ ìdíje NASCAR tó ga jù, ẹnu ọ̀nà kékeré yìí ló gbà ní 2004. Travis Kvapil borí fún un ní Michigan lọ́dún náà, Todd Bodine gba ife-ẹ̀yẹ ní 2006, ní 2007 ló tó gun orí ìpele kìíní. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Nàìjíríà lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Innoson ti Nnewi ní píkọ́ọ̀pù. Nord tí Oluwatobi Ajayi dá sílẹ̀ ní Èkó ní èyí tó ń jẹ́ Tank. Ìpolówó kankan kò lè ta ọkọ̀ Nàìjíríà tó kí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí i kó sá ìyípo ọgọ́rùn-ún nínú eruku láìkú sójú ọ̀nà.

Eré yìí tún ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún. Wendell Scott, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, borí nínú eré NASCAR ní Jacksonville ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1963, ẹlòmíì ni wọ́n sì kọ́kọ́ kéde pé ó borí. Láti ìgbà náà, aláwọ̀ dúdú kankan kò tún borí nínú ìdíje ńlá NASCAR títí Bubba Wallace fi wa píkọ́ọ̀pù borí ní Martinsville ní oṣù Kẹwàá 2013. Ẹni kẹta ni Rajah Caruth, tó borí ní Las Vegas ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2024. Orí kọ̀ǹpútà ni Caruth ti kọ́ eré ọkọ̀ kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀ ìdíje gidi. Jesse Iwuji náà ń bẹ. Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti lọ, Texas ni wọ́n bí i sí, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì ni. Ó wa píkọ́ọ̀pù ní Las Vegas ní 2018, ní 2021 òun àti Emmitt Smith, gbajúmọ̀ inú eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ tiwọn sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí Karu pẹ̀lú irú ẹ̀bùn kan náà kò ní ibi tí yóò fi ẹ̀bùn náà hàn, àfi ojú títì lóru.

Àtakò tó lágbára jù nìyí: eré ọkọ̀ ń pa èèyàn, ọ̀nà Nàìjíríà sì ti ń pa tó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìtàjẹ̀sílẹ̀ ojú ọ̀nà ló mú Wọlé Ṣóyínká dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, òun náà ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n dá FRSC sílẹ̀ ní 1988. Ìdíje píkọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ kò mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀: John Nemechek kú nínú rẹ̀ ní 1997, Tony Roper kú ní 2000. Ní oṣù Kejì 2001 ni Dale Earnhardt, ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù nínú NASCAR, kú ní Daytona. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di dandan kí awakọ̀ wọ ohun tó ń di orí mọ́ èjìká kí ọrùn má baà ṣẹ́, wọ́n sì fi ògiri tó ń gba agbára ìkọlù mọ́ra yí àwọn pápá ká. Láti ọjọ́ náà, awakọ̀ kankan kò tíì kú nínú ìdíje ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti NASCAR. Eré tó ní òfin ló lè ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ààbò àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi títì ìgboro Abuja dán eré wò lóru kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; wọn kò ní àṣíborí, wọn kò ní áńbúláǹsì, èrò tó ń lọ sílé jẹ́jẹ́ sì wà lójú ọ̀nà wọn.

Òfin náà gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀ o. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2024, Onídàájọ́ Evelyn Maha ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja dájọ́ pé àwọn ayẹ̀kọ̀wò ìjọba tí wọ́n ń pè ní VIO kò ní àṣẹ lábẹ́ òfin láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbà á tàbí láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Inú awakọ̀ dùn, ó sì ní ìdí. Ọ̀nà tí eré ìdíje ń gbà yàtọ̀: kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnì, ó ti ka òfin, ó ti fọwọ́ sí i, ó sì ti gbà pé bí ẹ̀yìn ọkọ̀ òun bá lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, òun yóò padà sílé láìgba nǹkan kan.

Ti owó ńkọ́? Owó epo ti kọjá àfẹnusọ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2023. Ṣùgbọ́n Hilux tòkunbọ̀ méjìlá, tí ẹ́ńjìnì wọn dọ́gba, tí táyà wọn jẹ́ irú kan náà, tí kò sì sí ẹni tó láṣẹ láti fi owó ra agbára kún tirẹ̀, kò ní ná ìjọba ní owó afárá kan. Eré mẹ́fà tó fún sáà àkọ́kọ́, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta tí òjò kì í sábà rọ̀. Kí orúkọ mẹkáníìkì wà lára ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti awakọ̀. Owó àkọ́kọ́ tí National Sports Commission tí ìjọba dá padà ní 2024 bá fẹ́ yọ, kó fi san adójútòfò, kó fi gba dókítà àti áńbúláǹsì, kó fi kọ́ àwọn ayẹ̀kọ̀wò níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù, ó sì lè gba àkókò ju gbogbo ìyókù lọ. Karu méjì ló wà: ọ̀kan wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ AMAC ní Abuja, èkejì jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, ààlà wọn kò sì hàn sí ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹni tó bá ya ilẹ̀ lò fún eré ní apá kan lè gba ìwé owó orí láti apá méjèèjì. Kí FCTA tó ń ṣàkóso Abuja àti ìjọba Nasarawa kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n yan ilẹ̀ kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ta ni yóò gba owó kí ni, kí wọ́n tó pe awakọ̀ kankan.