Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹgbàá àti Ọ̀kẹ́ Kú Mọ́ Wa Lẹ́nu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́ ni òwe yìí ti yé mi dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni ó bá mi lọ ra igbá finfin. Mo bèèrè iye tí wọ́n ń ta igbá ńlá kan, ìyá àgbà tí ó ń tà á sì dáhùn pé, "Ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà ni, ọmọ mi." Akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, èló ni ìyá wí?" Mo ní, "Igba lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 5,000 ni." Nígbà tí à ń padà bọ̀, a kọjá lẹ́bàá ilé ìjọsìn kan tí wọ́n gbẹ́ MCMXLV sí ara òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ọmọ náà ti kà á: "1945 ni, sà." Mo yìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣe. M ni 1,000. C ni 100. Nígbà tí C bá ṣáájú M, a ó yọ 100 kúrò nínú 1,000, yóò ku 900. X tí ó ṣáájú L jẹ́ 10 tí a yọ kúrò nínú 50, ó ku 40. V ni 5. Báwo ni àwa ṣe ń pe 1945? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá ó lé márùndínláàádọ́ta. Ẹgbàá ni 2,000. Bí a bá yọ 100 kúrò nínú rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá. Àádọ́ta ni 50; bí a bá yọ 5 kúrò, ó di márùndínláàádọ́ta. Àwọn ará Róòmù yọ, àwa náà yọ. Kódà, nínú èdè Látìn tí wọ́n ń sọ, undeviginti ni wọ́n ń pe 19, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan kúrò nínú ogún. Kí ni èyí bí kò ṣe mọ́kàndínlógún? Èé ṣe tí a fi ń pe tiwọn ní ọgbọ́n, tí a sì ń pe tiwa ní wàhálà?

Bí ó bá wá di ti iye ńláńlá, tiwa gan-an ni ó tún rọrùn láti fojú rí. Lẹ́yìn MMMCMXCIX, tí í ṣe 3,999, ará Róòmù ní láti fa ìlà sórí lẹ́tà kí ó tó lè di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Àwọn baba wa kò fa ìlà kankan. Owó ẹyọ ni wọ́n ń kà. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ Olúwa ní Ọ̀yọ́ yìí kan náà, ṣàlàyé ètò náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ogójì ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000, ẹrù tí ènìyàn lè rí, tí ó sì lè gbé. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni 1,000,000.

Àwọn kan yóò sọ pé òǹkà wa kò ṣeé fi ṣe ìṣirò lórí ìwé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ fún ọmọdé pé kí ó fi XIX sọ MCMXLV di púpọ̀? Fígọ̀ tí ó ti Íńdíà wá, tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá kọjá, ni gbogbo ayé fi ń ṣírò. Síbẹ̀, wọn kò sọ lẹ́tà Róòmù nù. Ó wà lójú agogo, ó wà lórí ìwé, ó wà lára orúkọ ọba: ẹ wo Aláàfin Lámídì Adéyẹmí III tí ó wàjà ní 2022. Àyè iyì ni wọ́n fún un. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún òǹkà tiwa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ XL sójú pátákó, ẹ kọ ogójì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ ọdún tí a bí yín, kí ẹ sì kà á fún àwọn òbí yín. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ kò bá gbọ́ ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ má yára sọ "fáìfù táúsáǹ" fún un. Ẹ túmọ̀ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Iná jó Ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n sì tún un kọ́. Ọjà tí ó jóná ṣeé tún kọ́. Ṣùgbọ́n bí irú ìyá onígbá yẹn bá lọ tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ òǹkà lẹ́nu wọn, ta ni yóò bá wa tún ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ kọ́?