Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Wáyà Ọkọ̀ Yín Nítorí Síkírìnì

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Kasarawa, Arkilla, Mabera àti káàkiri ìlú Sókótó, ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ iná ọkọ̀. Kí wọ́n má bínú. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ẹ̀mí kì í ṣe ohun tá à ń rọra sọ.

Síkírìnì ńlá tí wọ́n ń fi sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Android, ló gbòde báyìí. Corolla ni o, Sienna ni o, Camry Big Daddy ni o, kò sí èyí tí wọn ò fi í sí. A ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó wù ú. Ohun tó dáa ni. Ó ń fọ̀nà hàn, ó ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ìpè láì gbé fóònù sétí, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn wá tá a bá ń rìfáàsì níbi táwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ohun tá à ń bá jà ni bí wọ́n ṣe ń fi í sínú ọkọ̀. Ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú!

Ẹ ti rí i rí. Wọ́n á tú rédíò tó bá ọkọ̀ wá. Wọ́n á gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ fi sẹ́yìn ẹ̀ dànù. Wọ́n á fi eyín bó wáyà, wọ́n á fọwọ́ lọ́ ọ mọ́ra, wọ́n á wé tépù dúdú mọ́ ọn, wọ́n á sì kó gbogbo ẹ̀ rúgúrúgú sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá béèrè, ẹ ó gbọ́ "Ba matsala, Alhaji." Tó bá jẹ́ ọmọ tiwa ni, á ní "Kò sí wàhálà, Dádì." Èdè ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tó wà lẹ́yìn síkírìnì yẹn, torí ẹni tí ò mọ̀ ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Wáyà mẹ́ta ló ṣe kókó jù. Yẹ́lò ń gba iná tààrà látọ̀dọ̀ bátìrì, tọ̀sán-tòru, kí rédíò lè máa rántí aago àti ìbùdó tẹ́ ẹ yàn. Pupa ń gba iná kọ́kọ́rọ́: ẹ yí kọ́kọ́rọ́, iná dé, ẹ pa ọkọ̀, iná lọ. Dúdú ló ń kan ara irin ọkọ̀. Ọ̀nà méjì tí iná ń gbà wọlé yìí, wọ́n nídìí tí wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Pupa ló ń sọ fún síkírìnì pé olówó ẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀, kó lọ sùn.

Rìwáyà tó ń kánjú ò ní wá iná kọ́kọ́rọ́ kiri. Pupa àti yẹ́lò ló máa so pọ̀. Síkírìnì á tàn, inú yín á dùn, ẹ ó sanwó, ẹ ó dúpẹ́. Àmọ́ látọjọ́ náà lọ, síkírìnì ò ní sùn mọ́. Ẹ lè tẹ bọ́tìnì kójú ẹ̀ ṣókùnkùn, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní bátìrì yín jẹ́ 60Ah. Ọkọ̀ tí wọ́n pa tó wà ní ìdúró, iná tó yẹ kó máa fà kò yẹ kó ju nǹkan bí 0.05 ámpù lọ. Tí síkírìnì tí ò sùn bá wá ń fa ámpù kan péré, 24 ti lọ nínú 60 kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ní ọjọ́ méjì, 48 ti lọ. Èwo ló kù tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ fi dìde? Ẹ ó wá gbọ́ táwọn èèyàn wa ń pariwo: "Bátìrì ayé ìsinsìnyí ò dáa mọ́!" Wọ́n á ra òmíràn, á tún kú. Ẹ̀ṣẹ̀ bátìrì kọ́. Olè ń bẹ nínú ilé tó ń jí iná gbé, ẹ sì ń pààrọ̀ ilẹ̀kùn.

Tó bá jẹ́ Kasarawa níbí lọkọ̀ ti kú, ẹ ó pe àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n á tì í, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ là ń gbé inú ìlú nìkan. Ọ̀nà ilé wa jìn. Látibí, ó di Tambuwal, ó di Jega, ó di Koko, ó di Yauri, ó di Kontagora, ó di Mokwa, ó di Jebba, ká tó fojú kan Ìlọrin, kẹ́ni tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn tó máa tẹ̀síwájú. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí láyé ìsinsìnyí. Bátìrì tó ti gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin kì í bọ̀ sípò mọ́. Agbára ẹ̀ ti dín kù láéláé. Ẹ lè pa ọkọ̀ kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ kírun, kí ọmọdé tọ̀, kẹ́ ẹ padà dé kí ọkọ̀ ní òun ò lọ mọ́. Ta ló fẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sóun láàárín Yauri àti Kontagora, tòun tìyàwó tòun tọmọ, tí oòrùn sì ti ń wọ̀? Ìdí nìyẹn tá a fi ń pariwo. Orí orin kọ́ la wà, orí ẹ̀mí la wà.

Iná náà tún ń bẹ níbẹ̀. Wáyà yẹ́lò sábà máa ń wá pẹ̀lú fúùsì, 10 tàbí 15 ámpù. Fúùsì yẹn ni ẹ̀ṣọ́: tí wáyà bá kan ibi tí kò yẹ kó kàn, òun ló máa kú kí ọkọ̀ má bàa jóná. Àwọn kan á gé e kúrò pé ó ń dí àwọn lọ́wọ́. Tó bá jó, àwọn mìíràn á fi wáyà lásán dí ojú ẹ̀. Ẹni tó pa ẹ̀ṣọ́ ilé ẹ̀ tó wá lọ sùn, kí ló ń retí?

Ẹ sì má gbàgbé ibi tá a wà. Sókótó la wà o! Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ooru ibí ń ju 40 lọ lójú ọjọ́. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ tì pa sínú oòrùn, inú ẹ̀ lè ju 60 lọ. Tépù dúdú yẹn, lẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀ á yọ́, á máa yọ̀ bọ́ díẹ̀díẹ̀, wáyà á sì wà níhòòhò lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, á máa gbọ̀n lu irin ní gbogbo kòtò tẹ́ ẹ bá kó sí. Ohun tó lè fara dà á fúngbà díẹ̀ ní Ìbàdàn, kò lè fara dà á níbí.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Kò le rárá. Wọ́n ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mu. Ẹnu ẹ̀ kan á wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ẹnu kejì á wọ ẹ̀yìn síkírìnì. Kò sí gígé, kò sí bíbó, kò sí tépù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀, ẹ ó yọ síkírìnì yín, ẹ ó dá rédíò ilé-iṣẹ́ padà bó ṣe wà. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó síkírìnì fúnra ẹ̀. Nígbà mìíràn gan-an, inú páálí ló wà tí ẹnikẹ́ni ò wo ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni férémù. Ojú ihò rédíò ní ìwọ̀n tiẹ̀. Ìwọ̀n tí ayé ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ló ti wá, òun ni wọ́n ń pè ní DIN: 180 mílímítà ní fífẹ̀, 50 ní gíga, èyí tó jẹ́ ìlọ́po méjì jẹ́ 100 ní gíga. Toyota púpọ̀ tún ní tiwọn tó fẹ̀ tó 200. Ẹni tí ò bá béèrè férémù tó bá orúkọ ọkọ̀ àti ọdún ẹ̀ mu ló máa dẹni tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ ìyá ìlù.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra síkírìnì, ẹ má tẹ̀lé bó ṣe tóbi tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá láti Ṣáínà, irọ́ ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí wọn lára. Wọ́n á ní RAM 8GB, ẹ ó ṣí Settings, ẹ ó bá 8GB níbẹ̀ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè kọ ohun tó bá wù wọ́n síbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sí páálí pé 4×60W náà, agbára ìṣẹ́jú àáyá kan ni, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ó máa gbọ́. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí wọ́n ṣí máàpù, kí orin máa dún, kẹ́ ẹ wá rí i bóyá á máa fà bí ìgbín. Ẹ gbé e síta lọ́sàn-án gangan kẹ́ ẹ wò ó bóyá ojú ẹ̀ ṣì hàn nínú oòrùn. Ẹ fìka kàn án fẹ́rẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá ní láti fi èékánná tẹ̀ kó tó gbọ́, ẹ dá a padà. Tí fóònù yín bá dáa, síkírìnì kékeré tó ní CarPlay tàbí Android Auto tòótọ́ sàn ju pátákó ńlá olórí òfìfo lọ, torí fóònù yín ló máa ronú fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra tókúnbọ̀ tuntun díẹ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ fara balẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni òfin wọn ti sọ pé gbogbo ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà ẹ̀yìn. Síkírìnì tó bá ọkọ̀ yẹn wá ló ń gbé kámẹ́rà náà, nínú àwọn mìíràn AC gan-an ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá gé e sọ nù ti ta ẹṣin ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Wáyà kan tún kù, èyí tó ń lọ síbi bírékì ọwọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó má jẹ́ kí fíìmù ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ bá ń rìn. Oníbàárà fúnra ẹ̀ ló máa ń bẹ rìwáyà kó fi í kan irin, kóun lè máa wo fíìmù lọ sílé. Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn! Tẹ́ ẹ bá ń sáré 100 láàárín wákàtí kan, ọkọ̀ ń lọ tó mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo síkírìnì fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ẹ ti rin mítà 56 bí afọ́jú, lójú ọ̀nà tí màlúù lè dédé yọ. Lọ́dún 1988 tí ìjọba dá FRSC sílẹ̀, ọmọ wa Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Kò yẹ kó jẹ́ àwa la ó máa fi owó ra ikú sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ojú lakàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni awakọ̀ fi ń ṣọ́ ẹbí ẹ̀.

A mọ èsì táwọn kan á fọ̀. Wọ́n á ní, "Owó dà?" Ẹni tó lówó síkírìnì lówó sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tówó ò bá tíì pé, rédíò àtijọ́ ò pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní, "Ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ wa jẹ́." Rárá o. Rìwáyà tó mọṣẹ́ wà ní Sókótó, Hausa wà nínú wọn, Yorùbá wà nínú wọn, a sì ń gbóríyìn fún wọn. Àwọn gan-an lọ̀rọ̀ yìí ń gbè. Oníbàárà tó ná owó iṣẹ́ dé ìdajì, tó tún dúró lé e lórí pé "ṣe kíá, mò ń lọ," òun ló ń kọ́ ọmọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń so pupa mọ́ yẹ́lò. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ẹ ní kí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín hàn yín pé wọn ò gé e. Ẹ ní kí wọ́n fi fúùsì hàn yín. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ rí i pé síkírìnì kú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi mítà wọn iná tí ọkọ̀ ń fà nígbà tó bá ti sùn. Rìwáyà tí ò ní mítà, ẹ má fọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ sì má fi síkírìnì sọ́kọ̀ lónìí kẹ́ ẹ gba ọ̀nà ilé lọ́la. Ẹ lò ó nínú ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan ná, kẹ́ ẹ mọ̀wà ẹ̀.

Ẹ sọ fún ẹni tí ò tíì gbọ́, ẹ sì bá àwọn ọmọ yín tó ń kọ́ṣẹ́ sọ ọ́. Ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà o. Àlọ wa á dáa, àbọ̀ wa á sunwọ̀n. Àmín.